Ẹ̀rí Rẹ Dà?



Ní ilé kéwú wa ní Ìjẹ̀bú-Òde níhìn-ín, mo gba fóònù lọ́wọ́ ọmọkùnrin kan tí ó ń gbá géèmù nígbà tí mo ń kọ́ wọn ní nahawu. Mo rò pé ìbọn àti ariwo lásán ni n ó bá níbẹ̀. Ṣùgbọ́n nígbà tí mo ní kí ó ṣàlàyé ohun tí ó ń wò fún mi, àyà mi já, nítorí pé ó rán mi létí ẹ̀ṣẹ̀ kan tí èmi fúnra mi dá.

Danganronpa ni orúkọ géèmù náà. Ilé iṣẹ́ kan tí ń jẹ́ Spike ní ilẹ̀ Jàpáànù ni ó gbé e jáde ní 2010 fún PSP, ẹ̀rọ géèmù àfọwọ́mú ti Sony. Lẹ́yìn náà ó dé orí fóònù. Ìtàn rẹ̀ nìyí: wọ́n ti akẹ́kọ̀ọ́ 15 mọ́ inú ilé ẹ̀kọ́ kan. Béárì kan tí ìdajì ara rẹ̀ funfun, tí ìdajì sì dúdú, ni ó ń pàṣẹ níbẹ̀. Òfin rẹ̀ ni pé ẹnikẹ́ni kò ní jáde àfi ẹni tí ó bá pa ẹlẹgbẹ́ rẹ̀, tí àṣírí rẹ̀ kò sì tú. Bí ẹnì kan bá ti kú, àwọn tó kù a máa wá ẹ̀rí káàkiri bí ọ̀tẹlẹ̀múyẹ́, wọn a sì jókòó ṣe ìdájọ́. Níbẹ̀ ni ìbọn yíyìn wà, ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ ni wọ́n ń yìnbọn sí. Ẹ̀rí tí wọ́n rí ni ọta. Bí ẹnì kan bá purọ́, ọta ẹ̀rí a lu gbólóhùn náà, irọ́ a sì fọ́. Àwọn ọ̀rọ̀ tí ó dà bí àlọ́ tún wà níbẹ̀ tí a ó tò pọ̀ kí ìdí ọ̀ràn tó hàn. Lẹ́yìn náà wọn a dìbò. Bí wọ́n bá mú apànìyàn gan-an, òun nìkan ni yóò kú. Bí wọ́n bá mú aláìṣẹ̀, gbogbo wọn ni yóò kú, apànìyàn nìkan ni yóò jáde lọ.

N kò sọ pé kí ẹ lọ wá a kiri. Ìpànìyàn pọ̀ nínú rẹ̀. Ní Amẹ́ríkà, wọ́n kọ ọ́ sára rẹ̀ pé ẹni ọdún 17 sókè ni ó wà fún, ọmọ tí mo bá a lọ́wọ́ rẹ̀ kò sì tíì tó bẹ́ẹ̀. Mo fa fóònù náà lé òbí rẹ̀ lọ́wọ́. Ṣùgbọ́n ìbéèrè kan kò kúrò lọ́kàn mi: bí a bá fẹ̀sùn kan aláìṣẹ̀, ta ni ó yẹ kí ó jìyà rẹ̀?

Ní ọdún díẹ̀ sẹ́yìn, owó aṣọ Walimat tí àwọn ọmọ dá jọ di àwátì lórí tábìlì mi. Ọmọ kan ni ó jáde kẹ́yìn. Àwọn òbí rẹ̀ kò ní lọ́wọ́, bàtà ẹsẹ̀ rẹ̀ sì jẹ́ tuntun. Ẹ̀rí mi kò ju ìyẹn lọ. Mo tú àpò rẹ̀ dà sílẹ̀ lójú gbogbo kíláàsì. N kò rí owó, mo ní ó ti gbé e pamọ́. Ó ní, "Áfà, mo fi Ọlọ́hun búra, n kò mú un." Mo ní kí ó pa ẹnu rẹ̀ mọ́. Ní ọjọ́ kẹta, mo ṣí ìwé tí mo fi ń pe orúkọ wọn, owó náà wà láàárín rẹ̀, níbi tí èmi fúnra mi fi í sí. Mo lọ bẹ̀ ẹ́ nílé. Ìyá rẹ̀ ní, "Áfà, a ti gbọ́." Ọmọ náà kò padà sí ilé kéwú mọ́.

Ẹ wo ìtàn Ànábì Yusuf, kí ọlà Ọlọ́hun máa bá a. Àwọn ẹ̀gbọ́n rẹ̀ mú ẹ̀wù rẹ̀ wá pẹ̀lú ẹ̀jẹ̀ irọ́, bàbá wọn kò sì tìtorí ẹ̀jẹ̀ gbà wọ́n gbọ́. Nígbà tí ìyàwó ọ̀gá rẹ̀ fẹ̀sùn kàn án, ẹ̀wù náà ni wọ́n tún yẹ̀ wò: ẹ̀yìn ni ó ti ya, kì í ṣe iwájú. Ẹ̀wù kan jẹ́rìí èké, èkejì jẹ́rìí òdodo. Ẹni tí kò bá fara balẹ̀ kò lè mọ ìyàtọ̀.

Nínú Sharia, ẹni tí ó fẹ̀sùn kan ẹnìkejì ni yóò mú ẹ̀rí wá. Ẹni tí ó bá fẹ̀sùn àgbèrè kan obìnrin oníwà mímọ́ láìní ẹlẹ́rìí mẹ́rin, òun gan-an ni yóò jẹ ẹgba 80. Nínú èyí, òfin géèmù yẹn súnmọ́ òdodo: ẹni tí ó dájọ́ èké ni ó ru ìyà rẹ̀. Ní ìgboro wa, aláìṣẹ̀ ni ó ń rù ú. Ní ọjọ́ 5 oṣù kẹwàá ọdún 2012, ní Aluu, nítòsí Port Harcourt, wọ́n pariwo olè lé akẹ́kọ̀ọ́ yunifásítì mẹ́rin lórí. Èrò lù wọ́n, wọ́n sì dáná sun wọ́n. Kò sí ẹni tí ó gbé wọn dé ilé ẹjọ́. Ní 2017, ilé ẹjọ́ dájọ́ ikú fún mẹ́ta nínú àwọn tí ó lọ́wọ́ sí i, ṣùgbọ́n ìdájọ́ kì í jí òkú.

Ibi méjì ni géèmù náà ti lè tàn wá jẹ. Èkíní, níbẹ̀, ọ̀daràn gbọ́dọ̀ wà láàárín àwọn tó jókòó. Lórí tábìlì tèmi, olè kankan kò sí. Èkejì, ẹni tí ó bá ṣìnà níbẹ̀ lè tún un bẹ̀rẹ̀. Ọmọ tí mo dójú tì kò ní ibi tí a ó tẹ̀ kí ọjọ́ náà tún bẹ̀rẹ̀.

Ẹnì kan lè ní, "Bí a bá ń dúró de ẹ̀rí, olè yóò ráyè." Òótọ́ ni, òmíràn yóò ráyè. Ṣùgbọ́n olè tí ó bọ́ lọ́wọ́ wa kò bọ́ lọ́wọ́ Ọlọ́hun. Aláìṣẹ̀ tí a dójú tì, àwa ni yóò bá rojọ́ lọ́jọ́ Àlùkìyáámọ̀. Owó tó sọnù, a lè tún un dá. Orúkọ tó bàjẹ́ ńkọ́?

Nítorí náà, bí fóònù tàbí owó bá sọnù ní ìpàdé wa, kí olúkúlùkù kọ́kọ́ tú àpò ara rẹ̀ wò. Bí a bá fẹ́ bi ẹnì kan léèrè, kí á pe é sí kọ̀rọ̀. Bí a bá sì dójú ti ènìyàn ní gbangba, gbangba náà ni kí á ti bẹ̀ ẹ́. Èmi bẹ ọmọ yẹn nílé, ṣùgbọ́n ojú kíláàsì ni mo ti pè é ní olè. Gbèsè yẹn ṣì wà lọ́rùn mi. Ìdí nìyí tí mo fi kọ ọ́ síhìn-ín, kí gbogbo ẹni tí ó wà ní kíláàsì lọ́jọ́ náà lè kà á: ọmọ náà kò jalè. Èmi ni mo ṣìnà.

Kí Ọlọ́hun Ọba foríjì wá, kí Ó sì dá ahọ́n wa dúró níbi tí ìmọ̀ wa bá parí sí. Àmín.