Ọlọ Tí A Yá

Ta ni ó ni ọlọ tí ìyá fi sílẹ̀ fún ọmọ? Láti 1976 tí Àkúrẹ́ ti di olú-ìlú Ìpínlẹ̀ Òndó, ilé titun ti pọ̀ ní Alágbàká, ẹ̀rọ sì ni púpọ̀ nínú wa fi ń lọ ata. Òkúta lásán ha ni ọlọ bí? Ọwọ́ àwọn ìyá ni ó mú kí àárín rẹ̀ jìn. Bí ó bá sì dán, wọn a fi irin gún ojú rẹ̀ kí ó lè tún mú.

Nínú Ìwé Àwọn Ọba Kejì, orí 6, ọmọ wòlíì tí irin àáké rẹ̀ bọ́ sómi ké nítorí pé ó yá a ni. Ọlọ pẹ̀lú, yíyá ni. Ẹni tí ó tì í mọ́ yàrá nítorí ìrántí, tí kò jẹ́ kí aládùúgbò fi lọ ata nígbà tí kò sí iná, a kò rí bí ó ti fi sàn ju ẹni tí ó sọ ọ́ sí ààtàn lọ.