Ta Ni Ó Ni Aṣọ Ìyàwó?



Bí ọjọ́ ìgbéyàwó bá ti ń súnmọ́ etílé, ọ̀nà ilé aránṣọ ni ẹsẹ̀ ìyàwó máa ń mọ̀ jù. Yóò gbé sátínnì àti léèsì funfun lọ síbẹ̀. Aránṣọ yóò fi téèpù wọn àyà, ìbàdí, apá àti gígùn rẹ̀, yóò sì kọ gbogbo rẹ̀ sínú ìwé. Lẹ́yìn náà ni yóò gé aṣọ, tí yóò fi abẹ́rẹ́ so ó pọ̀ fẹ́rẹ́, tí yóò sì ní kí ìyàwó wá wọ̀ ọ́ wò. Ibi tí ó bá fún, yóò tú u. Ibi tí ó bá ṣò, yóò gbà á wọlé. Nígbà tí wọ́n bá ti ṣe èyí lẹ́ẹ̀mejì tàbí lẹ́ẹ̀mẹta ni aṣọ náà yóò bá ara mu, tí ẹni tí ó wọ̀ ọ́ yóò sì dà bí ẹni tí a bí mọ́ inú rẹ̀.

Inú gbogbo wa a máa dùn nígbà tí irú aṣọ bẹ́ẹ̀ bá ń gba àárín ilé Ọlọ́run kọjá lọ síwájú pẹpẹ. Ṣùgbọ́n ìbéèrè kan wà tí ó yẹ kí Kristẹni bi ara rẹ̀ kí orin tó bẹ̀rẹ̀, òun náà ni pé: ta ni ó ni aṣọ náà ní tòótọ́?

Àwọn àgbà ní, ṣòkòtò àgbàbọ̀ kì í yẹ ọmọ ènìyàn. Bí kò fún ni lẹ́sẹ̀, a ṣoni. Rẹ́múrẹ́mú ni ohun ẹni ń bá ni mu. Òwe yìí ni àwọn ọmọbìnrin wa fi ń dá ara wọn láre nígbà tí wọ́n bá kọ̀ láti yá aṣọ ìgbéyàwó lò, tí wọ́n ní àfi kí a rán tiwọn ní ìwọ̀n ara wọn. A kò dá wọn lẹ́bi. Ṣùgbọ́n ẹ jẹ́ kí a yẹ òwe náà wò dáadáa. Bí aṣọ bá bá ara mu rẹ́múrẹ́mú, tí ó sì jẹ́ pé owó èlé ni a fi ra léèsì rẹ̀, tí aránṣọ kò tíì gbà ju ìdajì owó iṣẹ́ rẹ̀ lọ, ǹjẹ́ aṣọ náà kì í ha ṣe àgbàbọ̀ bí? Apá kan jẹ́ ti olówó èlé, apá kejì jẹ́ ti aránṣọ. Ìyàwó kò sì ní nǹkan kan nínú rẹ̀ bí kò ṣe ìwọ̀n ara rẹ̀.

Ọ̀pọ̀ ènìyàn rò pé òfin Ìjọ ni ó ní kí ìyàwó wọ gáùn funfun. Kò rí bẹ́ẹ̀. Ní ìlú Ìlọrin yìí, iṣẹ́ aṣọ kì í ṣe àlejò. Kí gáùn tó dé ọ̀dọ̀ wa ni àwọn ahunṣọ ti ń hun òfì tẹ́ẹ́rẹ́tẹ́ẹ́rẹ́ tí a ń rán pọ̀ di aṣọ ńlá, tí a sì ń fi sányán, àlàárì àti ẹtù jáde ní ọjọ́ pàtàkì. Ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì pàápàá, ọ̀pọ̀ ìyàwó ayé àtijọ́ kò mọ funfun ní dandan. Aṣọ tí ó dára jùlọ nínú àpótí wọn ni wọ́n ń wọ̀, àwọ̀ yòówù kí ó jẹ́. Ní ọjọ́ 10 oṣù kejì ọdún 1840 ni Queen Victoria wọ sátínnì funfun lọ fẹ́ Prince Albert, láti ìgbà náà ni àṣà yìí sì ti gbilẹ̀. Ohun kan wà nínú ìtàn rẹ̀ tí ó yẹ kí a rántí: léèsì tí àwọn obìnrin fi ọwọ́ ṣe ní agbègbè Honiton ni ó mọ̀ọ́mọ̀ yàn, kí iṣẹ́ wọn má bàa parun, nítorí pé ẹ̀rọ ti ń gba oúnjẹ lẹ́nu wọn. Ìjọ Mímọ́ ti ń so ọkọ àti aya pọ̀ fún nǹkan bí ọdún 1,800 kí aṣọ funfun yìí tó di àṣà.

Kí ni ó wá ń so wọ́n pọ̀? Ìwé Òfin Ìjọ tí Póòpù John Paul Kejì gbé jáde ní ọdún 1983 fi yé wa. Ní ìpín 1057, ó kọ́ wa pé ìfohùnṣọ̀kan àwọn méjèèjì ni ó ń dá ìgbéyàwó sílẹ̀, kò sì sí ẹlòmíràn tí ó lè ṣe é fún wọn. Ní ìpín 1108, ó béèrè pé kí wọ́n fi ìfohùnṣọ̀kan náà hàn níwájú àlùfáà tàbí díákónì tí ó ní àṣẹ, àti níwájú ẹlẹ́rìí méjì. Ẹ wá inú gbogbo ìwé náà, ẹ kò ní rí ibi tí ó ti dárúkọ gáùn tàbí ìbòjú. Nígbà tí Olúwa wa lọ sí ìgbéyàwó ní Kánà ti Gálílì, Jòhánù Mímọ́ sọ fún wa pé wáìnì tán. Kò sọ fún wa ohun tí ìyàwó wọ̀.

Ẹ jọ̀wọ́, ẹ má ṣe rò pé ọ̀rọ̀ kékeré ni a ń sọ. Àwọn kan wà láàárín wa tí wọ́n ti parí ìdána láti ọdún pípẹ́, tí wọ́n ti ń gbé pọ̀, tí Ọlọ́run sì ti fi ọmọ jíǹkí wọn, ṣùgbọ́n tí wọn kò tíì wá síwájú pẹpẹ. Bí a bá bi wọ́n ní ìdí rẹ̀, wọn a ní, "Owó kò tíì sí." Owó kí ni? Owó gáùn, owó aṣọ ẹbí, owó ìnáwó. Ní ọjọ́ Ìsinmi, nígbà tí àwọn tí ó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ wọn bá dìde lọ gba Ara Olúwa, orí ìjókòó ni wọ́n ń wà. Ọmọ wọn kékeré yóò wo ojú ìyá rẹ̀, yóò bi í pé, "Màámi, kí ló dé tí ẹ kì í bá wọn lọ?" Kí ni ìyá náà yóò fi dá a lóhùn? Ṣé yóò sọ fún un pé ebi Oúnjẹ Ìyè ń pa òun láti ọdún wọ̀nyí wá nítorí sátínnì?

Ẹnì kan lè wí pé, "Bí ó bá rí bẹ́ẹ̀, ẹ jẹ́ kí a fi aṣọ dáradára sílẹ̀ pátápátá, ẹ̀ṣẹ̀ ni láti ná owó púpọ̀ sórí aṣọ ọjọ́ kan." Ẹ jẹ́ kí a ṣọ́ra, nítorí ẹnì kan ti sọ irú ọ̀rọ̀ yìí rí. Ní Bẹ́tánì, nígbà tí Màríà da òróró olóòórùn dídùn tí iye owó rẹ̀ tó 300 dẹ́nárì sí ẹsẹ̀ Jésù, èyí tí ó tó owó iṣẹ́ lébìrà fún nǹkan bí ọdún kan, Júdásì ni ó kọ́kọ́ béèrè ìdí tí a kò fi tà á fún àwọn tálákà. Olúwa kò gba ọ̀rọ̀ rẹ̀ wọlé. Aṣọ tí Olúwa fúnra rẹ̀ wọ̀ lọ sí Kalfárì kì í ṣe èyí tí a hun yẹpẹrẹ: a hun ún láti òkè dé ìsàlẹ̀ láìsí ojú rírán, tí àwọn ọmọ-ogun pàápàá kò fi lè fà á ya. Ẹnì kan ni ó fi sùúrù hun aṣọ náà. Ọlọ́run kò kórìíra ẹwà, kò sì kórìíra iṣẹ́ ọwọ́.

Níbo wá ni ìyàtọ̀ wà? Ó wà nínú ohun méjì. Èkínní, ohun tí Màríà dà jáde jẹ́ tirẹ̀; Ìhìnrere kò sọ fún wa pé ẹnikẹ́ni ń bọ̀ wá gba gbèsè ní ọjọ́ kejì. Èkejì, kò ṣe é kí àwọn tí ó jókòó lè yìn ín. Ìfẹ́ ni ó fi ṣe é. Aṣọ ìyàwó tí ó bá yege nínú ohun méjèèjì yìí, kí ẹnikẹ́ni má ṣe pè é ní asán, bí a tilẹ̀ wọ̀ ọ́ fún ọjọ́ kan ṣoṣo.

Ẹ jẹ́ kí a padà sí ṣọ́ọ̀bù aránṣọ. Aṣọ tí a rán sílẹ̀ fún títà, bí ẹnì kan kò bá rà á, ẹlòmíràn yóò rà á. Ṣùgbọ́n aṣọ tí a gé sí ìwọ̀n ẹnì kan ṣoṣo, ta ni yóò rà á bí onítọ̀hún kò bá padà wá? Ìdí nìyí tí àsanlẹ̀ fi tọ́ sí aránṣọ, tí kò sì fi yẹ kí a máa nájà àṣekú lórí iṣẹ́ tí ó ti parí. Ní ọ̀nà kejì, ìyàwó tí aránṣọ bá já kulẹ̀ ní ọ̀sẹ̀ ìgbéyàwó, níbo ni yóò ti rí òmíràn? Nítorí náà, aránṣọ tí ó gba iṣẹ́ mẹ́wàá nígbà tí agbára rẹ̀ kò ju mẹ́rin lọ, tí ó ń sọ fún gbogbo wọn pé, "Ẹ wá lọ́la," irọ́ ni ó ń pa, àlàáfíà ẹlòmíràn ni ó sì ń jí. Ẹni tí ó fi aṣọ tí ó ṣẹ́kù pamọ́ láìsọ fún ẹni tí ó ni ín, òun náà kò yàtọ̀.

Ẹ kíyè sí i pé ọwọ́ ara wọn ni àwọn méjèèjì wà, kò sì sí ohun tí ó so wọ́n pọ̀ ju ọ̀rọ̀ ẹnu lọ. Àwòrán ìgbéyàwó fúnra rẹ̀ ha kọ́ nìyí bí? Ẹni tí kò lè pa àdéhùn oṣù mẹ́ta mọ́ fún aránṣọ, báwo ni yóò ṣe pa àdéhùn mọ́ fún ọkọ títí ikú yóò fi yà wọ́n? Nínú Ìwé Tóbítì, bàbá kìlọ̀ fún ọmọ rẹ̀ pé kí owó ọ̀yà ẹni tí ó bá bá a ṣiṣẹ́ má ṣe sùn mọ́ ọn lọ́wọ́. Ọmọ yìí kan náà ni ó dìde lẹ́yìn ìkìlọ̀ náà, tí ó rin ìrìn àjò, tí ó sì lọ gbé Sárà níyàwó. Ìdájọ́ òdodo ni bàbá rẹ̀ kọ́kọ́ wọ̀ fún un bí aṣọ ìgbéyàwó. Jákọ́bù Mímọ́ kọ́ wa pé owó ọ̀yà tí a dá dúró a máa kígbe sí etí Ọlọ́run, bẹ́ẹ̀ ni Póòpù Leo Kẹtàlá sì gbèjà owó iṣẹ́ tí ó tọ́ nínú ìwé Rerum Novarum ní ọdún 1891.

Ní Ìlọrin wa yìí, kì í ṣe ohun tuntun kí a gbé aṣọ ìyàwó Kristẹni fún aránṣọ tí ó jẹ́ Mùsùlùmí. Onítọ̀hún kò ní wá sí Mísà, kò sì ní gbọ́ ìwàásù Fadá. Owó tí a san fún un ní pípé, ní ọjọ́ tí a dá, pẹ̀lú ọ̀rọ̀ pẹ̀lẹ́, òun ni ìwàásù tí yóò gbọ́ láti ẹnu wa.

Àwọn aránṣọ pẹ̀lú ní alágbàwí lọ́run. Homobonus Mímọ́, ará Cremona ní ilẹ̀ Ítálì, jẹ́ aránṣọ àti oníṣòwò aṣọ. Ó ní aya nílé, kì í ṣe àlùfáà. Òótọ́ ni ó fi ṣe òwò rẹ̀, èrè rẹ̀ ni ó sì fi ń bọ́ àwọn tálákà. Ní ọjọ́ 13 oṣù kọkànlá ọdún 1197, bí Mísà ti ń lọ lọ́wọ́, ó na apá rẹ̀ méjèèjì bí àgbélébùú, ó sì fi ẹ̀mí rẹ̀ lé Ọlọ́run lọ́wọ́. Kò pé ọdún méjì tí Póòpù Innocent Kẹta fi kà á mọ́ àwọn Ẹni Mímọ́. Abẹ́rẹ́ àti òwú kò dí i lọ́nà ọ̀run. Àwọn ni ó fi rìn débẹ̀. Jósẹ́fù Mímọ́, tí Kàtídírà wa ní Ìlọrin ń jẹ́ orúkọ rẹ̀, òṣìṣẹ́ ọwọ́ ni òun náà.

Kí ni kí a wá ṣe? Ẹni tí ó bá ní owó rẹ̀, kí ó rán aṣọ rẹ̀, kí ó san owó aránṣọ tán kí ó tó gbé aṣọ náà wọ̀, kí ó sì dúpẹ́. Ẹni tí kò bá ní, kí ó rántí pé ìwọ̀n eku ni ìwọ̀n ìtẹ́. Ní ọdún 1947, nígbà tí ogun ti sọ aṣọ di ohun tí a ń fi káàdì rà nílẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, ọmọ ọba Elizabeth pàápàá fi káàdì ra aṣọ ìgbéyàwó rẹ̀. Àwọn obìnrin kan fi tiwọn ránṣẹ́ sí i, a sì dá a padà fún wọn, nítorí òfin kò gbà á. Bí ọmọ ọba bá lè wà lábẹ́ ìwọ̀n, kí ni ìtìjú tiwa? Kí onítọ̀hún yá aṣọ, tàbí kí ó wọ èyí tí ó mọ́ jùlọ nínú àpótí rẹ̀, kí ó mú ẹlẹ́rìí méjì, kí ó sì wá bá Fadá. Àwa tí a ó jókòó wò ó, kí a pa ẹnu wa mọ́ lórí aṣọ rẹ̀, nítorí ẹnu tiwa gan-an ni ó ń ti ọ̀pọ̀ ènìyàn sínú gbèsè, òun ni ó sì ń dá wọn dúró lẹ́yìn ilẹ̀kùn.

Ta ni ó ni aṣọ ìyàwó? Ẹni tí ó bá san án ni ó ni ín. Ṣùgbọ́n aṣọ funfun kan wà tí Ìjọ wọ̀ fún wa ní ọjọ́ Ìrìbọmi wa. A kò mú téèpù wá wọ̀n wá, a kò sì béèrè àsanlẹ̀. Krístì ni ó san gbogbo rẹ̀ lórí igi àgbélébùú. Aṣọ yẹn ni kí a gbé wá síwájú pẹpẹ láìlábàwọ́n. Ẹni tí ó bá wọ̀ ọ́, ìyàwó ni, bí ó tilẹ̀ jẹ́ pé àdìrẹ ni ó wà lára rẹ̀.

Kí Màríà Wúńdíá, ẹni tí ó bo ìtìjú tọkọtaya Kánà, bá wa bẹ Ọmọ rẹ̀ fún gbogbo ilé tí ó ń dúró de owó kí ó tó wá gba oore-ọ̀fẹ́. Àmín.