Ebè Méjì ní Ẹ̀yìnkùlé Kan



Ìgbà àrọ̀kúrò nìyí. Òjò tí ó kù ní ojú ọ̀run kò tó nǹkan mọ́, ọyẹ́ sì ti ń ránṣẹ́ wí pé òun ń bọ̀ lọ́nà. Ní àwọn àdúgbò titun tí ó yí ìlú Ìbàdàn ká, láti Mọ́níyà títí dé Olódó, ó ṣọ̀wọ́n kí ẹ yọjú sí ẹ̀yìnkùlé kan kí ẹ má bá ebè ẹ̀fọ́ níbẹ̀. Tẹ̀tẹ̀ ni ó pọ̀ jù, nítorí pé bí a bá fọ́n irúgbìn rẹ̀ lónìí, yóò tó já láàárín ọ̀sẹ̀ mẹ́ta sí mẹ́rin. Ṣọkọ wà níbẹ̀, gbúre sì ń hù fúnra rẹ̀ ní ibi tí omi ìwẹ̀ ń ṣàn gbà. Ewédú nìkan ni ó máa ń ṣe agídí ní àsìkò yìí: bí ojúmọ́ ti ń kúrú, bí ó tilẹ̀ jẹ́ díẹ̀, a máa yára tanná, a sì so èso wéréwéré, ewé tí à ń wá a dín kù.

Ní ọdún 1976, nígbà tí ìjọba ológun Ọ̀gágun Olúṣẹ́gun Ọbásanjọ́ gbé ètò Operation Feed the Nation kalẹ̀, a rọ olúkúlùkù pé kí ó fi ilẹ̀ ẹ̀yìnkùlé rẹ̀ gbin ohun jíjẹ. Ètò náà ti kọjá lọ, ṣùgbọ́n ebè ṣì wà. Èyí dára púpọ̀, n kò sì ní í fi ojú ewé yìí yìn ín jù bẹ́ẹ̀ lọ, nítorí pé ọ̀rọ̀ mìíràn ni mo ní í bá yín sọ.

Ẹ jẹ́ kí a fi ojú inú wo obìnrin kan. Opó ni, ó ní ọmọ mẹ́ta ní ilé ìwé. Ebè mẹ́jọ ni ó kọ sí ẹ̀yìnkùlé rẹ̀. Méje nínú wọn ń lọ sí ọjà. Ìkẹjọ, tí ó wà lẹ́bàá ògiri ilé ìdáná, ni òun àti àwọn ọmọ rẹ̀ ń jẹ. Ó ń fín oògùn apakòkòrò sí méje. Èyí tí ó wà lẹ́bàá ilé ìdáná, eérú lásán ni ó ń kù sí i lórí, ó sì ń fi ọwọ́ ṣa kòkòrò rẹ̀ ní ìdájí. Bí ó bá fín oògùn lónìí, ó lè já ẹ̀fọ́ náà lọ́la, nítorí pé ọ̀la ni ọjọ́ ọjà. Kò purọ́ fún ẹnikẹ́ni, nítorí pé ẹnikẹ́ni kò bi í. Ǹjẹ́ ó ṣẹ̀?

Ẹni tí ó bá ti bá àwọn alẹ́fọ̀ọ́ jókòó pẹ́ mọ̀ wí pé irú ebè méjì báyìí kì í ṣe ohun àjèjì. (Ẹ̀yin tí ẹ máa ń gbé ẹ̀fọ́ wá sí ilé Fada, n kò bi yín ní ebè wo.)

Ìdánwò náà a máa le jù ní àsìkò yìí gan-an. Bí igbó àyíká bá ti ń gbẹ, tata àti gbogbo kòkòrò tí ń jẹ ewé kì í rí tútù jẹ níbòmíràn mọ́, ibi tí a ti ń bomi rin ni wọ́n ń sá wá. Ní alẹ́ ọjọ́ kan péré wọ́n lè sọ ebè di àjádì. Oògùn sì wà nítòsí. Lára ìgò èyí tí ó jẹ́ ojúlówó, a máa ń kọ iye ọjọ́ tí ó gbọ́dọ̀ kọjá kí a tó já ohun tí a fín in sí. Àwọn mìíràn kò tilẹ̀ lo èyí tí a ṣe fún ẹ̀fọ́ rárá. Dichlorvos tí àwọn ènìyàn fi ń pa aáyán nínú ilé ni wọ́n ń pò mọ́ omi. Ní ọdún 2019, àjọ NAFDAC ṣe òfin pé kí a má ṣe ta ìgò kékeré rẹ̀ mọ́, nítorí ìlòkulò. Ẹ rántí pé iṣu ní èèpo tí a ń bẹ́ dànù, ṣùgbọ́n ewé kò ní èèpo. Ibi tí oògùn bà lé gan-an ni ó ń wọ inú ìkòkò. Omi àti iyọ̀ tí a fi ń fọ ẹ̀fọ́ lè mú díẹ̀ kúrò níbẹ̀, kì í mú gbogbo rẹ̀.

Àwọn kan yóò wí pé ẹ̀ṣẹ̀ obìnrin yìí ni pé ó fi èyí tí ó dára jù sílẹ̀ fún àwọn ọmọ tirẹ̀. N kò gbà bẹ́ẹ̀. Aránṣọ lè rán aṣọ ọmọ rẹ̀ ní àránbò méjì, alákàrà sì lè yan èyí tí ó gbóná jù fún ọmọ tirẹ̀, ẹnikẹ́ni kò sì ní í pè wọ́n ní ọ̀daràn. Ìfẹ́ òbí ní ipò tirẹ̀. Ṣùgbọ́n aṣọ tí aránṣọ tà fún ẹlòmíràn, aṣọ ni. Àkàrà tí ó ti tutù, àkàrà ni. Obìnrin yìí ti fi ọwọ́ ara rẹ̀ dá ẹjọ́ pé ohun tí ó wà lórí ebè méje náà kò yẹ fún ẹnu ọmọ ènìyàn, lẹ́yìn náà ni ó dì í ní ìdì-ìdì, tí ó sì pè é ní oúnjẹ. Ebè tí ó mọ́ ni ẹlẹ́rìí tí ó dúró tì í. Ẹ wo aládùúgbò rẹ̀ tí ó ń fín oògùn sí gbogbo ebè tirẹ̀, tí òun àti ìyàwó àti ọmọ sì ń jẹ nínú rẹ̀ láìmọ̀. Ó ṣeé ṣe kí ara bàjẹ́ jù ní ilé aládùúgbò náà. Síbẹ̀ mo sọ wí pé ẹ̀bi rẹ̀ kéré sí ti opó yìí. Òdú kì í ṣe àìmọ̀ fún olóko: ẹni tí ó ní ebè méjì kò lè wí níwájú Ọlọ́run pé òun kò mọ̀.

Yóò dáhùn wí pé ẹ̀yin oníbàárà ni ẹ kọ́ òun. Òótọ́ ni. Bí ihò kan bá wà lára ewé, ẹ ó yí ìdì náà síhìn-ín, ẹ ó yí i sọ́hùn-ún, ẹ ó gbé e sílẹ̀, ẹ ó sì lọ sọ́dọ̀ ẹni tí ewé tirẹ̀ ń dán. Thomas Mímọ́ ti Aquino, tí ó kú ní ọdún 1274, sọ̀rọ̀ lórí ẹ̀tàn nínú títà àti rírà. Ó ní bí àbùkù ọjà bá hàn sójú, bí ẹṣin olójú kan, kò di dandan kí òǹtajà kéde rẹ̀, bí ó bá ti dín owó rẹ̀ kù bí ó ti yẹ. Ṣùgbọ́n bí àbùkù náà bá pamọ́, tí ó sì lè fa ewu tàbí àdánù bá ẹni tí ó rà á, òǹtajà gbọ́dọ̀ sọ. Ihò ara ewé ni ẹṣin olójú kan. Gbogbo ènìyàn ni ó rí i, kì í sì í pa ẹnikẹ́ni. Nítorí kí ẹ má baà rí àbùkù tí kò lè ṣe yín ní ibi, ó fi èyí tí ẹ kò lè rí dípò rẹ̀. Ẹ̀yin ni ẹ bẹ̀ ẹ́ ní iṣẹ́ náà, bí ó tilẹ̀ jẹ́ pé ẹ kò mọ̀.

Owó ilé ìwé ńkọ́? N kò lè fi ọ̀rọ̀ ẹnu san án, n kò sì ní í fi ojú kéré ìṣòro rẹ̀. Àìní a máa dín ẹ̀bi ènìyàn kù. Ṣùgbọ́n ẹ wo ẹni tí ń ra ìdì ẹ̀fọ́ náà lọ́wọ́ rẹ̀ ní ìrọ̀lẹ́: kì í ṣe ọlọ́rọ̀. Opó bí tirẹ̀ ni, tí kò ní ẹ̀yìnkùlé.

Ohun tí ó kù kò ṣòro tó bí a ti ń rò. Bí ó bá di dandan kí ó lo oògùn, kí ó lo èyí tí a ṣe fún ẹ̀fọ́, kí ó já kí ó tó fín, dípò kí ó fín kí ó tó já. Tẹ̀tẹ̀ tí a já lórí a máa rú padà. Kí ó jẹ́ kí iye ọjọ́ tí a kọ sí ara ìgò pé kí ó tó fi ọwọ́ kan ewé titun náà, kí ó sì máa já ebè kan nígbà tí òmíràn ń dúró. Ewé dóńgóyárò tí a gún, tí a rẹ sínú omi, tí a sẹ́, wúlò fún ọ̀pọ̀ kòkòrò. Ilé iṣẹ́ ìwádìí NIHORT, tí a dá sílẹ̀ ní Ìbàdàn yìí ní ọdún 1975, ẹ̀fọ́ àti èso ni iṣẹ́ rẹ̀. Kò burú kí ènìyàn lọ bèèrè. Ìdì tirẹ̀ yóò ní ihò, owó rẹ̀ yóò sì dín.

Ẹ̀yin tí ẹ máa ń ra ẹ̀fọ́ ní ẹnu ọ̀nà lẹ́yìn Mísà, bí ẹ bá rí irú ìdì bẹ́ẹ̀ lónìí, ẹ má ṣe gbé e sílẹ̀ kí ẹ tó bi ẹni tí ó ń tà á ní ọjọ́ tí ó fín oògùn sí i kẹ́yìn.