Ilé Rírà àti Ìwà Ọmọlúàbí ní Ìsàlẹ̀ Gángan

Èkó Akéte, ilé ọgbọ́n, Èkó aròmisá lẹ̀gbẹ̀lẹ̀gbẹ̀: bí ilẹ̀ rẹ̀ ti kéré tó láàrin omi, bẹ́ẹ̀ ni àwọn tí ń wá ibi forí lé níbẹ̀ ti pọ̀ tó, kò sì sí ìgbà tí ọlọ́rọ̀ kan kì í wọ àdúgbò Ìsàlẹ̀ Gángan pẹ̀lú alágbàtà lẹ́yìn rẹ̀, kí ó máa na ìka sí òrùlé, kí ó máa fi ẹsẹ̀ wọn ojúde, kí ó sì máa ṣírò iye ṣọ́ọ̀bù tí yóò jáde nísàlẹ̀ bí a bá wó ògiri iwájú. A bèèrè bóyá ọkọ̀ ẹrù lè dé ẹnu ọ̀nà, bóyá omi kànga ibẹ̀ kò ní iyọ̀, bóyá àgbàrá a máa wọ yàrá nígbà òjò, bóyá ìwé ilé náà wà lákọsílẹ̀ lọ́dọ̀ ìjọba ní Àlàúsá. Gbogbo ìbéèrè wọ̀nyí ló dára, ẹni tí kò bá sì bèèrè wọn ń fi owó ara rẹ̀ ra ẹjọ́ ni. Ṣùgbọ́n ìbéèrè kan wà tí ó yẹ kí ó ṣáájú gbogbo wọn, ẹni tí a bí tí a sì kọ́ ni ó máa ń rántí rẹ̀: ọwọ́ àwọn wo ni ilé yìí ti ń kúrò, ǹjẹ́ wọ́n sì mọ̀ sí i?

Ní gbogbo agbègbè Ìsàlẹ̀ Èkó, títí dé ẹ̀yìn Ìgá Ìdúngànràn, ààfin Ọba Èkó, ilé tí ọkùnrin kan dá kọ́ kì í pẹ́ di ilé ẹbí. Baálé a kọ́ ọ, a fẹ́ ìyàwó mẹ́ta tàbí mẹ́rin sínú rẹ̀, a kú, nígbà mìíràn a sì sin ín sí ìyẹ̀wù tí ó ń sùn. Láti ọjọ́ náà ni ilé ti bọ́ lọ́wọ́ ẹnì kan ṣoṣo, tí ó di ti ọmọ àti ọmọ-ọmọ. Àwọn adájọ́ òyìnbó pàápàá kò lè sẹ́ èyí. Ní 1908, nínú ẹjọ́ Lewis àti Bankole lórí ilé ẹbí Olóyè Mabinuori, ilé ẹjọ́ Èkó gbà pé obìnrin, bí òun bá ni àgbà nínú àwọn ọmọ tí ó kù láyé, lè jẹ́ olórí ẹbí. Ní 1962 ẹ̀wẹ̀, ìgbìmọ̀ onídàájọ́ tí ó ga jù ní Lọ́ńdọ̀nù fi ọwọ́ sí i, nínú ẹjọ́ Danmole àti Dawodu, pé ìdí igi, ìyẹn ìpín kan fún ẹ̀ka ìyàwó kọ̀ọ̀kan, ni kí a fi pín ohun ìní baba tí ó fi ìyàwó mẹ́rin àti ọmọ mẹ́sàn-án sílẹ̀, kì í ṣe orí-ò-jorí, ìyẹn ní iye ọmọ. Nítorí náà, kí olùrà tó ka iye yàrá, kí ó kọ́kọ́ ka iye ìdí tí ilé náà ní.

Ẹni tí ó bá ti rin àdúgbò wọ̀nyí yóò ti rí i tí a fi ọ̀dà kọ ọ́ gàdàgbà sára ògiri, lédè Gẹ̀ẹ́sì, pé ilé yìí kì í ṣe títà, kí gbogbo ayé ṣọ́ra. Àlejò a máa rò pé gbájúẹ̀ ìta ni onílé ń lé. Lóòótọ́, wọ́n wà níbẹ̀. Ṣùgbọ́n lọ́pọ̀ ìgbà, ọmọ inú ilé gan-an ni wọ́n kọ ọ́ sí. Bí ògiri kò bá lanu, aláǹgbá kò lè wọ̀ ọ́. Ọmọ kan tí gbèsè ti mù dé ọrùn, tàbí tí ojú rẹ̀ ti wà ní òkè òkun, a lọ bá alágbàtà. Alágbàtà a wá ọlọ́rọ̀. Ọlọ́rọ̀ a gbọ́ iye tí wọ́n dá lé e, a rí i pé kò tó ìdajì ohun tí ilé ẹgbẹ́ rẹ̀ ń lọ fún, inú rẹ̀ a sì dùn. Wọn a fi ìrọ̀lẹ́ pàdé ní ọ́fíìsì lọ́yà, wọn a tẹ̀ka, wọn a ka owó, nígbà tí ìyá arúgbó tí ó jẹ́ àkọ́bí baba wọn wà ní yàrá ẹ̀yìn tí ó ń ṣa òkúta inú ẹ̀wà, tí kò mọ̀ pé a ti ta òrùlé mọ́ òun lórí.

Àwọn kan yóò wí pé èwo ni ti olùrà nínú ìjà ìdílé onídìílé. Owó ni ó mú wá, ìwé ni ó gbà, ẹni tí ó tà á ni kí Ọlọ́run bi. Àwọn baba wa ti dá ẹjọ́ yìí tipẹ́: ẹni tí ó gbé epo lájà kò jalè tó ẹni tí ó gbà á sílẹ̀. Olùrà tí ó mọ̀ pé owó náà kéré jù, tí kò sì bèèrè ohun tí ó fà á, ti mọ ìdáhùn. Ó kàn di etí ara rẹ̀ ni. Òfin fúnra rẹ̀ kò gbè é: ilé ẹbí tí ọmọ kan dá tà lẹ́yìn olórí ẹbí, asán ni títà náà, èyí tí olórí ẹbí sì dá tà láìfi lọ àwọn àgbà ìdí kọ̀ọ̀kan, wọ́n lè yí i padà. Síbẹ̀ ọmọlúàbí kì í dúró de ilé ẹjọ́ kí ó tó mọ ohun tí ó burú. Ìtìjú ni ó ń bá a wí.

N kò wí pé ẹni mímọ́ ni gbogbo onílé. Ìdílé wà tí ń ta ilé kan fún ènìyàn méjì, tí wọn yóò sì tún wá gba owó ìpìlẹ̀ àti owó òrùlé lọ́wọ́ ẹni tí ó ti sanwó tán. Ìwà wọn ni ó mú kí ìjọba Èkó ṣe òfin lórí àwọn ajagungbalẹ̀ ní 2016. Àwọn mìíràn a kun ọ̀dà tuntun bo ibi tí ògiri ti là. Ní ọjọ́ 13 oṣù Kẹta 2019, ilé pẹ̀tẹ́ẹ̀sì kan tí ilé ẹ̀kọ́ ọmọdé wà lókè rẹ̀ wó ní Ìta Fájì, bí ènìyàn 20 sì bá a lọ. Ìjọba ní àwọn ti sàmì sí i tẹ́lẹ̀ pé kí a wó o. Ẹni tí ó bá bo irú àmì bẹ́ẹ̀ kí ó lè tà, mo fi í sí ìsọ̀rí apànìyàn.

Ohun kan tún wà tí alágbàtà kì í kà mọ́ ọjà rẹ̀: àwọn ènìyàn tí ń gbé inú ilé náà. Láti 1955 ni ìjọba ti bẹ̀rẹ̀ sí wó ilé láàrin Èkó, lábẹ́ L.E.D.B., àjọ tí ń tún Èkó ṣe, tí a dá sílẹ̀ ní 1928, tí wọ́n sì ń kó àwọn ènìyàn lọ sí Súrùlérè. Ilé tuntun ni wọ́n bá níbẹ̀, ọ̀nà gbòòrò, afẹ́fẹ́ ń fẹ́. Ṣùgbọ́n nígbà tí Peter Marris, òyìnbó tí ó kọ ìwé lórí ọ̀rọ̀ náà ní 1961, lọ bi wọ́n léèrè, igbe tí ó gbọ́ lẹ́nu wọn ni pé ọjà ti jìnnà, owó ọkọ̀ ń jẹ èrè, ẹ̀gbọ́n àti àbúrò kò sí nítòsí mọ́ tí a fi lè yọjú síra ẹni lálẹ́. Ibi tí èrò mi ń lọ ni pé obìnrin tí ó ń pàtẹ ata lójúde ilé baba rẹ̀ ní Ìsàlẹ̀ Gángan, àti ayálégbé tí ó ti bímọ mẹ́ta sí yàrá kan, wà lára ohun tí olùrà ń rà. Ẹni tí ó bá fún wọn ní oṣù díẹ̀ kí wọ́n fi wá ibòmíràn kò pàdánù ohun tí ó pọ̀. Ẹni tí ó rán jàǹdùkú lọ ju ẹrù wọn síta láàárọ̀ ọjọ́ kejì lè ní ìwé lọ́wọ́, ṣùgbọ́n kò sí ẹni tí yóò kí i tọkàntọkàn ní àdúgbò náà.

Nítorí náà, ẹ̀yin tí Ọlọ́run bá fi owó ilé jíǹkí, ẹ lọ ní ọ̀sán gangan, kí ẹ kí àwọn tí ẹ bá lójúde, kí ẹ ní kí wọ́n pe ẹbí jọ, kí ẹ sì bèèrè orúkọ ìyá kọ̀ọ̀kan àti ẹni tí ó ń ṣojú fún un. Bí ẹni tí ń tà á bá ní kí ẹ má ṣe jẹ́ kí ìyá àgbà ilé gbọ́, ẹ di owó yín padà, kí ẹ sì máa lọ.