Àwọn Àgbà Jésírẹ́lì

Nínú ìwé Òwe, láti orí 25 dé ìparí orí 29, a rí àkójọ ọ̀rọ̀ Sólómọ́nì kan tí àkọlé rẹ̀ sọ pé àwọn ènìyàn Hesekáyà, ọba Júdà, ni ó dà á kọ. Èyí já sí pé àwọn tí ń gba àṣẹ lẹ́nu ọba ni wọ́n fi gègé ara wọn kọ ọ́ sílẹ̀ pé bí olódodo bá di ipò mú, ara a tu ìlú, bí ìkà bá sì gorí àlééfà, ìmí ẹ̀dùn ni àwọn ènìyàn yóò máa mí. Ẹsẹ kejì orí 29 nìyẹn, ọmọ ìjọ tí kò tí ì gbọ́ ọ rí kò pọ̀. Ṣùgbọ́n bí a bá rọra ka orí kan náà sísàlẹ̀ dé ẹsẹ 12, a ó bá ọ̀rọ̀ mìíràn pàdé tí àwọn oníwàásù kì í sábà dúró lé lórí, pé alákòóso tí ó bá ń fetí sí irọ́, gbogbo ìránṣẹ́ rẹ̀ ni yóò di ènìyàn búburú. Lójú tèmi, ẹsẹ kejì ni èèpo, ẹsẹ 12 ni ẹkùrọ́ inú rẹ̀. Nítorí ìkà ọba kò lè fi ọwọ́ méjì péré tí Ọlọ́run dá mọ́ ọn ba odindi ìlú jẹ́. Ọwọ́ ẹlòmíràn ni í yá.

Ẹ wo ọ̀ràn Nábótì. Áhábù, tí ó jọba lórí Ísírẹ́lì ní Samáríà fún ọdún 22, ní ààfin kan ní Jésírẹ́lì, ọgbà àjàrà Nábótì sì wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀. Ọba fẹ́ sọ ọ́ di ọgbà ẹ̀fọ́. Ó ní òun yóò fi èyí tí ó dára jù ú lọ rọ́pò rẹ̀, tàbí kí òun san owó. Nábótì kọ̀ jálẹ̀, nítorí ogún àwọn baba rẹ̀ ni, ẹni tí ó bá sì mọ ohun tí a ń pè ní ilẹ̀ baba ẹni kò ní béèrè ìdí. Ọba wọlé, ó dùbúlẹ̀, ó yí ojú padà, ó kọ oúnjẹ, bí ọmọdé tí a já àkàrà gbà lọ́wọ́ rẹ̀. Ẹ má fojú tín-ín-rín ìbínú ọmọdé yìí o: ó fi hàn pé títí di ọjọ́ náà, Áhábù mọ̀ pé apá òun nìkan kò ká ilẹ̀ onílẹ̀.

Jésébẹ́lì, aya rẹ̀, wá apá kún apá rẹ̀. Ó kọ ìwé lórúkọ ọba, ó fi èdìdì ọba lù ú, ó sì fi í ránṣẹ́ sí àwọn àgbà àti àwọn ọlọ́lá tí wọ́n jọ ń gbé ìlú kan náà pẹ̀lú Nábótì. Kò tàn wọ́n jẹ. Ojú abẹ níkòó ni ó sọ ohun tí wọn yóò ṣe. Ọjọ́ pé, wọ́n kéde ààwẹ̀. Wọ́n gbé Nábótì sí ipò ọlá níwájú àwọn ènìyàn, níbi tí ẹni tí kò mọ ohun tí ó wà nílẹ̀ ìbá ti máa kí i kú oríire. Ọkùnrin méjì tí kò níláárí wọlé, wọ́n jókòó dojú kọ ọ́, wọ́n ní ó bú Ọlọ́run, ó sì bú ọba. Méjì ni wọ́n, nítorí òfin Mósè kò gba ẹ̀rí ẹnì kan ṣoṣo láti fi pa ènìyàn. Ààwẹ̀ wà níbẹ̀, ẹlẹ́rìí pé, ìlànà kò yẹ̀; wọ́n pa òfin mọ́, wọ́n sì pa Nábótì. Ẹ̀yìn odi ni wọ́n mú un lọ tí wọ́n sọ ọ́ lókùúta.

Áhábù kò sọ òkò kan, Jésébẹ́lì kò sì dé ibẹ̀. Bí ikú ilé kò bá pani, tòde kò lè pani, ni àwọn baba wa wí. Síbẹ̀, nígbà tí a wà lọ́mọdé ní ilé ẹ̀kọ́ ọjọ́ ìsinmi, Jésébẹ́lì nìkan ni a kọ́ wa láti kórìíra. Títí di òní, obìnrin tí ènìyàn bá fẹ́ bú tẹ̀gbintẹ̀gbin, Jésébẹ́lì ni wọ́n ń pè é, n kò sì tí ì gbọ́ ọ rí kí a bú ọkùnrin kan ní àgbà Jésírẹ́lì, bẹ́ẹ̀ ni irú wọn kò wọ́n láàárín wa. Àwọn baba ńlá wa ní tiwọn kò gbàgbé àwọn àgbà: àwọn tí ń kí ọba ní Kábíyèsí, aláṣẹ èkejì òrìṣà, àwọn kan náà ni ó fi Ọ̀yọ́ Mèsì méje yí Aláàfin ká, tí Baṣọ̀run fi lè sọ fún ọba tí ó bá di apanirun pé ìlú kọ̀ ọ́. Pé Baṣọ̀run Gáà padà fi agbára kan náà pa ọba lé ọba, títí Aláàfin Abíọ́dún fi ṣẹ́gun rẹ̀ ní 1774, apá kejì ọ̀rọ̀ kan náà nìyẹn.

Nehemáyà, tí ó ṣe alákòóso Júdà fún ọdún 12 lábẹ́ ọba Páṣíà, mọ ibi tí bàtà ti ń ta ìlú lẹ́sẹ̀. Nígbà tí ó ń ròyìn àwọn tí ó ṣáájú rẹ̀, kò dúró lórí oúnjẹ, wáìnì àti 40 ṣékélì fàdákà tí wọ́n ń gbà. Ó fi kún un pé àwọn ìránṣẹ́ wọn pàápàá ń jẹ gàba lórí àwọn ènìyàn. Tirẹ̀ ńkọ́? Nígbà tí igbe àwọn tí ó fi oko àti ọmọ dúró fún gbèsè dé etí rẹ̀, ó jẹ́wọ́ pé òun àti àwọn ìránṣẹ́ òun náà ti yá wọn lówó àti ọkà, ó sì ní kí gbogbo àwọn jọ fi èlé náà sílẹ̀. Àwọn ìránṣẹ́ rẹ̀ sì wà nídìí odi Jerúsálẹ́mù, níbi tí òkúta ti ń di ìlú padà.

Ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ Jésírẹ́lì kò tí ì tán. Lẹ́yìn ikú Áhábù, nígbà tí Jórámù ọmọ rẹ̀ wà lórí ìtẹ́, Jéhù, ọ̀kan nínú àwọn ọ̀gágun rẹ̀, dìtẹ̀, ó ta á lọ́fà, ó sì ní kí wọ́n ju òkú rẹ̀ sí ilẹ̀ Nábótì. Àádọ́rin ọmọ Áhábù ṣì wà ní Samáríà lọ́dọ̀ àwọn tí ń tọ́ wọn. Jéhù kọ ìwé sí àwọn olórí Jésírẹ́lì, àwọn àgbà, àti àwọn olùtọ́jú ọmọ náà, pé kí wọ́n mú èyí tí ó yẹ jù nínú wọn gorí ìtẹ́, kí wọ́n sì jà fún ilé olúwa wọn. Ẹ̀rù bà wọ́n gidigidi. Wọ́n dáhùn pé ìránṣẹ́ rẹ̀ ni àwọn, ohun tí ó bá wí ni àwọn yóò ṣe. Ìwé kejì dé. Wọ́n mú àwọn ọmọ náà, wọ́n pa gbogbo wọn, wọ́n kó orí wọn sínú agbọ̀n, wọ́n sì fi í ránṣẹ́ sí Jésírẹ́lì, níbi tí a ti kó wọn jọ ní òkìtì méjì sí ẹnu ibodè títí ilẹ̀ fi mọ́. Ní òwúrọ̀, Jéhù jáde, ó dúró, ó wí fún gbogbo ènìyàn pé aláìlẹ́bi ni wọ́n. Pé òun gbà pé òun ni òun pa olúwa òun, ṣùgbọ́n kí wọ́n sọ fún òun ẹni tí ó pa àwọn wọ̀nyí. A kò kà á pé ẹnikẹ́ni dáhùn.