Àṣìṣe tí Ojú Kò Rí

Àwọn agbẹ́gilére ni ó sọ Òsí di ìlú olókìkí. Bí Aréògún, tí ó kú ní 1954, bá ṣi ọ̀bẹ lò lára ilẹ̀kùn, gbogbo ojú ni yóò rí i. Ta ni yóò rí àṣìṣe ẹni tí ó ń tún ẹsẹ̀ iwájú Pijó 504 àtijọ́ ṣe ní ẹ̀yìnkùlé ara rẹ̀? Ǹjẹ́ ó tilẹ̀ jẹ́ ẹnikẹ́ni ní gbèsè?

Ẹ wo rọ́bà inú apá ìsàlẹ̀. Kò yẹ kí á fún nọ́ọ̀tì rẹ̀ le kí táyà tó tẹ ilẹ̀, kí ìwúwo ọkọ̀ sì gùn ún. Bí a bá fún un nígbà tí ẹsẹ̀ ń rọ̀ dirodiro lórí jáàkì, rọ́bà náà yóò lọ́ bí ọkọ̀ bá ti sọ̀kalẹ̀, yóò sì máa ya díẹ̀díẹ̀. Lọ́jọ́ náà, ọkọ̀ yóò rìn dáadáa.

Àtúnṣe ilé kò burú. Sùúrù onílé a máa ju ti mẹkáníìkì tí oníbàárà dúró tì lọ. Ṣùgbọ́n àwọn tí ń wí pé ọkọ̀ ẹni ni, ohun tí ó wuni ni a lè fi ṣe, kò ro ọ̀rọ̀ náà jinlẹ̀. Ọ̀nà Òsí sí Òmù-Àrán kì í ṣe ti ẹnì kan. Ọmọ iléèwé tí ń rìn létí títì kò bá a pín nínú owó mẹkáníìkì tí kò san. Bí ilẹ̀ bá ṣú kí nọ́ọ̀tì tó le, kí ọkọ̀ náà sùn síbẹ̀.