Ààbọ̀ Ọ̀rọ̀ àti Odidi Ọ̀rọ̀ Láàrin Olórí Ìjọ àti Àwọn Alábàáṣiṣẹ́ Rẹ̀

Àwọn àgbà bọ̀, wọ́n ní ààbọ̀ ọ̀rọ̀ là ń sọ fún ọmọlúàbí, bó bá dé inú rẹ̀, á di odidi. Òwe yìí ti wọ inú ìjọ Ọlọ́run, ọ̀pọ̀ olórí ló sì ń lò ó láìfi ẹnu pa á. Pásítọ̀ á ní kí akápò mójú tó owó ìkọ́lé, á ní kí adarí akọrin wá nǹkan ṣe sí orin ọjọ́ Àjíǹde, á ní kí ajíhìnrere máa lọ sí abúlé kan. Kò sọ iye owó, kò sọ irú orin, kò dá ọjọ́. Bí iṣẹ́ bá wá bàjẹ́, ẹni tí a rán ni a óò dá lẹ́bi pé kò lóye. Ìbéèrè tí a fẹ́ gbé yẹ̀ wò nìyí: ta ni ó jẹ gbèsè odidi ọ̀rọ̀, ṣé ẹni tó rán ni níṣẹ́ ni, àbí ẹni tí a rán?

Ó yẹ kí a kọ́kọ́ mọ ibi tí òwe náà ti wúlò. Ìbáwí ni ibùgbé rẹ̀. Àgbà tí kò fẹ́ dójú ti ẹnìkejì láwùjọ a máa fi ààbọ̀ ọ̀rọ̀ bá a wí, nítorí pé àwọn méjèèjì ni wọ́n mọ ohun tó ṣẹlẹ̀. Ọ̀nà tí Yorùbá ń gbà rán ni níṣẹ́ yàtọ̀ sí èyí. Bí ìyá bá rán ọmọdé lọ sí ilé kejì, yóò ní kí ó tún iṣẹ́ náà jẹ́ fún òun kí ó tó lọ. Àrokò pàápàá, tí kò lẹ́nu tí yóò fi sọ̀rọ̀, àárín àwọn tí wọ́n jọ mọ ìtumọ̀ rẹ̀ nìkan ni ó ti ń jíṣẹ́. Ìmọ̀ àjọní ni ó ń sọ ààbọ̀ ọ̀rọ̀ di odidi. Níbi tí kò bá ti sí ìyẹn, ààbọ̀ ni yóò máa jẹ́ títí.

Ní ilẹ̀ Àkókó, ọ̀rọ̀ yìí hàn gbangba. Ẹ̀ka-èdè Yorùbá ni wọ́n ń sọ ní Ìkàrẹ́ àti Ọ̀kà, síbẹ̀ ohùn wọn kò bára mu tán. Bí a bá kúrò ní Ìkàrẹ́, a kì í rìn jìnnà kí a tó dé Àrígídí tí ó ní èdè tirẹ̀. Bí a bá sì yà sí apá Ìṣùà àti Ẹ̀pìnmì, èdè tó bá ti Ẹ̀dó tan ni a óò gbọ́ níbẹ̀. Yorùbá àjùmọ̀lò, èdè Bíbélì tí a ti túmọ̀ tán láti 1884, ni wọ́n jọ ń lò nínú ìjọ. Olórí sọ̀rọ̀, ìyá ìjọ mi orí, olórí sì gbà pé ó ti yé e. Ṣùgbọ́n ọ̀wọ̀ lè mú ni mi orí láìsí òye.

Irú ìṣòro yìí dé bá ìjọ àkọ́kọ́ ní Jerúsálẹ́mù. Orí kẹfà ìwé Ìṣe àwọn Àpọ́sítélì ròyìn pé àwọn tí ń sọ èdè Gíríìkì kùn pé a ń fojú fo àwọn opó wọn nínú ìpín ojoojúmọ́. Àwọn àpọ́sítélì kò sọ pé aláròyé ni wọ́n. Wọ́n pe gbogbo ìjọ jọ, wọ́n ṣàlàyé ohun tí apá wọn kò ká, wọ́n sì ní kí ìjọ fúnra rẹ̀ yan ènìyàn méje. Orúkọ Gíríìkì sì ni àwọn méjèèje ń jẹ́. Èyí fi hàn pé etí tó gbọ́ èdè aláròyé ni wọ́n gbé ọ̀rọ̀ náà lé lọ́wọ́.

Ẹ jẹ́ kí a wá wo ti ilé wa. Samuel Àjàyí Crowther ni ẹgbẹ́ C.M.S. fi ṣe olórí iṣẹ́ ìhìnrere Odò Ọya tí wọ́n dá sílẹ̀ ní 1857, wọ́n sì fi í jẹ bíṣọ́ọ̀bù ní 1864. Ẹni tó kọ ìwé nípa àwọn ọ̀rọ̀ èdè Yorùbá jáde ní 1843 mọ iyì ọ̀rọ̀. Ṣùgbọ́n Èkó ni ó fi ṣe ibùjókòó, àwọn òṣìṣẹ́ rẹ̀ sì wà ní Onitsha, Lokoja, Bonny àti Brass. Ọkọ̀ àwọn oníṣòwò ni ó ń bá lọ bẹ̀ wọ́n wò, ó di 1878 kí iṣẹ́ náà tó ní ọkọ̀ tirẹ̀. Ní 1890, ìgbìmọ̀ tó ń rí sí ìnáwó jókòó ní Onitsha. Àwọn ọ̀dọ́ míṣọ́nárì láti ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì fi ẹ̀sùn kan àwọn òṣìṣẹ́ dúdú, akọ̀wé ìgbìmọ̀ sì dá àwọn kan dúró lẹ́nu iṣẹ́ lójú bíṣọ́ọ̀bù wọn, láìgbọ́ tẹnu wọn bó ti yẹ. Crowther, tó ti lé ní ọgọ́rin ọdún, fi ìgbìmọ̀ náà sílẹ̀. Ó kú ní 31 Oṣù Kejìlá, 1891. Kì í ṣe pé gbogbo òṣìṣẹ́ náà ni ọwọ́ wọn mọ́, ṣùgbọ́n agbẹ́jọ́ ẹnìkan dá ni àgbà òṣìkà. Ìtàn yìí kọ́ wa ní nǹkan méjì: ọ̀nà jíjìn máa ń gé ọ̀rọ̀ sí méjì bí olórí tilẹ̀ jẹ́ ènìyàn rere, ìdájọ́ láìgbẹ́jọ́ sì máa ń tú ẹgbẹ́ ká bí ẹ̀sùn tilẹ̀ jẹ́ òtítọ́.

Àwọn kan yóò wí pé gbogbo ọ̀rọ̀ kọ́ ni olórí ń sọ. Òtítọ́ ni. Ohun tí ọmọ ìjọ fi lọ̀ ọ́ ní ìkọ̀kọ̀ kò gbọdọ̀ ti ẹnu rẹ̀ jáde. Ṣùgbọ́n àṣírí ẹni yàtọ̀ sí ọ̀rọ̀ iṣẹ́. Iye owó tó wà nílẹ̀, ìdí tí a fi yí ètò padà, àléébù tí a rí sí iṣẹ́ ẹnìkan, ẹ̀tọ́ àwọn tí wọ́n jọ ń ṣiṣẹ́ náà ni láti gbọ́ ọ. Olórí tó bá fi ìwọ̀nyí pamọ́ kò pa àṣírí mọ́, agbára ni ó ń kó jọ.

Ní ìdáhùn sí ìbéèrè wa, olórí ni gbèsè náà wà lọ́rùn rẹ̀. Nínú àṣà wa, ó ṣòro kí ọmọdé wí fún àgbà pé ohun tí ẹ sọ kò yé mi. Nínú ìjọ, ó tún le jù bẹ́ẹ̀ lọ, nítorí pé ẹni tó bá bi olórí léèrè lè dà bí ẹni tó ń bi Ọlọ́run léèrè. Ẹni tí ipò ti ilẹ̀kùn mọ́ kò lè ti ìta ṣí i. Ẹni tí kọ́kọ́rọ́ wà lọ́wọ́ rẹ̀ ni yóò kọ́kọ́ béèrè pé, "Báwo ni ẹ ṣe gbọ́ ohun tí mo sọ?" Kí ó sì dákẹ́, kí ó gbọ́ èsì.